Àwọn Ọmọ Tí Báírò Pupa Pa Rẹ́

Ẹ má wulẹ̀ sọ fún mi pé kí n fara balẹ̀. Oṣù mẹ́jọ gbáko ni mo fi fara balẹ̀, ibi tí ìfarabalẹ̀ gbé mi dé ni mo fẹ́ ròyìn fún yín yìí.

Nọ́ọ̀sì Àìná ni gbogbo Ìsọlọ̀ mọ̀ mí sí. Ọdún kẹfà rèé tí mo ti ń bá Dókítà Ọládòṣù ṣiṣẹ́ ní ilé ìwòsàn rẹ̀ lójú ọ̀nà Òkóta. Kò tóbi. Yàrá mẹ́rin ni, ibùsùn mẹ́fà, àti bẹ́ǹṣì gbọọrọ kan ní ọ̀dẹ̀dẹ̀ tí àwọn aláìsàn ń jókòó sí. Èmi ni mò ń gún wọn lábẹ́rẹ́, èmi náà ni mò ń kọ orúkọ wọn sínú ìwé. Ẹ fi ti orúkọ yẹn sọ́kàn, torí òun ló dá gbogbo wàhálà sílẹ̀.

Ní ọjọ́ Ajé kan tí ọyẹ́ mú gan-an, ọdún kejì lẹ́yìn tí ìjọba fi owó Údójì kún owó oṣù àwọn òṣìṣẹ́, Dókítà pè mí wọ yàrá rẹ̀. Bíìlì tí a fi ránṣẹ́ sí Bọ́ọ̀dù ló tẹ́ síwájú rẹ̀. Wọ́n ti dá a padà. Ẹnìkan ti fi báírò pupa fagi lé orúkọ ọmọ mọ́kànlélọ́gbọ̀n, ó sì kọ ọ́ síwájú ọ̀kọ̀ọ̀kan wọn pé: KÒ SÍ ỌMỌ YÌÍ. Nísàlẹ̀, ó kọ ọ́ pé ilé ìwòsàn wa ń fi orúkọ èké gba owó ìjọba, àti pé àwọn kò ní san kọ́bọ̀ fún ẹnikẹ́ni títí a ó fi mú ẹ̀rí wá.

Dókítà yọ jígí ojú rẹ̀. “Àìná,” ó ní, “ṣé ò ń kọ orúkọ ọmọ tí kò sí ni?”

Háà! Èmi? Èmi tí mo gbé àwọn ọmọ wọ̀nyẹn lé itan, tí wọ́n bì sí mi láṣọ, tí wọ́n gé mi jẹ nígbà tí mo ń wá iṣan ọwọ́ wọn? Mo ní, “Dókítà, bí àwọn ọmọ yìí kò bá sí, a jẹ́ pé èmi náà kò sí nìyẹn.” Mo jókòó láìjẹ́ pé wọ́n ní kí n jókòó.

Kí ẹni tí kò mọ̀ lè mọ̀: Bọ́ọ̀dù kan ni ìjọba dá sílẹ̀ láyé owó epo yẹn, láti máa ṣètò sìmẹ́ńtì àti irin tó ń gúnlẹ̀ ní èbúté. N kò ní dárúkọ rẹ̀. Ìjọba ní òṣìṣẹ́ Bọ́ọ̀dù kan kò gbọdọ̀ fi owó ara rẹ̀ wo àìsàn mọ́. Wọ́n fún olúkúlùkù ní káàdì òfeefèé kan, nọ́ńbà wà lára rẹ̀, ìyàwó kan àti ọmọ mẹ́rin ló sì wà lábẹ́ káàdì náà. Wọn á mú káàdì wá sọ́dọ̀ wa, a ó tọ́jú wọn lọ́fẹ̀ẹ́, tó bá di ìparí oṣù a ó kọ orúkọ ọmọ, nọ́ńbà káàdì, àìsàn tó ṣe é àti oògùn tó lò, Bọ́ọ̀dù á sì sanwó fún wa. Ìwé tí àwọn bàbá kọ orúkọ ìyàwó àti ọmọ wọn sí wà ní ọ́fíìsì Bọ́ọ̀dù ní Bọ́ládé, ní Òṣòdì. Àwa kò ní irú rẹ̀.

Ó dáa bẹ́ẹ̀, àbí? Èmi náà sọ pé ó dáa. Mo ní ìjọba yìí mà gbìyànjú o.

Ẹ wá wo Wàsílátù. Ọmọ Ìsẹ́yìn ni, ìyàwó Sàláúdéènì, dírẹ́bà Bọ́ọ̀dù, yàrá kan ni wọ́n háyà ní Òkóta. Ìyàwó àkọ́kọ́ Sàláúdéènì kú, ó fi ọmọbìnrin kan sílẹ̀. Nígbà tí Wàsílátù wọlé ọkọ, ó bá ọmọ náà nílé, ọmọ ọdún méjì, ó sì gbé e pọ̀n láti ọjọ́ náà. Ọmọ ọdún mẹ́fà ni báyìí, tínínrín báyìí, ojú ńláńlá. Ikọ́ fée ń ṣe é. Bí ọyẹ́ bá ti dé, àyà rẹ̀ á máa fọn, ètè rẹ̀ á dúdú, á máa fi èjìká fa èémí. Wàsílátù á gbé e sẹ́yìn, á sáré láti Òkóta dé ọ̀dọ̀ wa láìwọ bàtà. Dókítà á fún un ní abẹ́rẹ́ sínú iṣan, díẹ̀díẹ̀, díẹ̀díẹ̀. Kò ní ju ìṣẹ́jú díẹ̀ lọ, ọmọ náà á la ojú, á ní, “Àǹtí Nọ́ọ̀sì, ṣé búrẹ́dì wà?” Ọjọ́ tí mo bá gbọ́ ìbéèrè yẹn ni mo máa ń rí oorun sùn.

Ní ọjọ́ àkọ́kọ́ tó gbé e wá, mo bi í pé kí lorúkọ ọmọ. Ó wolẹ̀, ó rẹ́rìn-ín ìtìjú. Ó ní, “Ìdílẹ̀kẹ̀ ni mò ń pè é, mà.”

Mo kọ Ìdílẹ̀kẹ̀.

Ṣé n kò mọ̀ pé kì í ṣe orúkọ tí wọ́n sọ ọ́ lọ́jọ́ kẹjọ nìyẹn? Mo mọ̀. Ta ni kò mọ̀? Ìyàwó ilé kì í pe ọmọ tó bá nílé ọkọ lórúkọ, ì báà jẹ́ ọmọ ọwọ́. Orúkọ ẹ̀yẹ ló máa fún un, òun ni á sì máa pè é títí ọ̀kan nínú wọn á fi kú. Àbúrò ọkọ tèmi ti hu irùngbọ̀n, ó ti bímọ márùn-ún, Ajíṣefínní ni mo ṣì ń pè é. Ẹ gbé ìbọn sí mi létí, n kò lè pe orúkọ rẹ̀. Ṣé èmi ni kí n wá fi dandan mú ọmọ ẹlòmíì ṣe ohun tí n kò lè ṣe? Bí mo ṣe kọ Ìdílẹ̀kẹ̀ ni mo kọ Adúmáadán, Ọ̀pẹ́lẹ́ńgẹ́, Eyínfúnjowó, Akọ̀wé. Bó bá jẹ́ àṣìṣe ni, mo gbà pé mo ṣe é. Ṣùgbọ́n mo kọ nọ́ńbà káàdì síwájú gbogbo wọn. Mo kọ ọ́ gàdàgbà! Ẹni tó bá fẹ́ mọ̀, kó ṣí ìwé wọn, kó fi ìka wá nọ́ńbà. Kò gbà ju ká mumi lọ.

Wọn kò wá a. Oṣù mẹ́jọ ni wọ́n fi dákẹ́ lórí bíìlì wa, ìgbà tí wọ́n máa fọhùn, olè ni wọ́n pè wá.

Dókítà kò pariwo mọ́ mi. Kì í pariwo, ohun tó tún ń dùn mí nìyẹn. Ó ti ta mọ́tò rẹ̀ ṣáájú Kérésì láti fi sanwó oògùn, bọ́ọ̀sì ló ń wọ̀ wá síbi iṣẹ́. Ó ní, “Àwọn tó ń kó oògùn fún wa ní kò sí àwìn mọ́. Abẹ́rẹ́ ikọ́ fée ku mẹ́ta. Bó bá di ọjọ́ Ẹtì tí Bọ́ọ̀dù kò san, a ó dáwọ́ káàdì wọn dúró. Ẹni tó bá wá, á mówó lọ́wọ́.”

“Ìdílẹ̀kẹ̀ ńkọ́?”

Ó tún fi jígí rẹ̀ sójú. Ọyẹ́ ọdún yẹn nìkan, ìgbà mẹ́rin ni àyà ọmọ náà ti dí láàárín oṣù kan. Ká ní Sàláúdéènì fẹ́ fi owó ara rẹ̀ ra ìtọ́jú yẹn lẹ́ẹ̀kan péré, owó iṣẹ́ ọ̀sẹ̀ kan lọ nìyẹn. Bó bá ṣe ẹ̀ẹ̀mẹrin lóṣù ńkọ́, kí ni wọn á jẹ? Wọn á sọ pé ká dúró wò ó bóyá á lọ fúnra rẹ̀. Mo ti rí ọmọ tí wọ́n dúró wò. N kò fẹ́ rí òmíràn.

Ní ọjọ́rú, mo wọ aṣọ funfun mi, mo dé fìlà nọ́ọ̀sì lé orí, mo mú Wàsílátù àti ọmọ rẹ̀ dání, torí Sàláúdéènì ti wa mọ́tò Bọ́ọ̀dù rìnrìn àjò, ó di Bọ́ládé.

Òkè pẹ̀tẹ́ẹ̀sì ni ọ́fíìsì náà wà. Ẹ wo owó epo lójú kòrókòró! Rọ́ọ̀gì pupa láti ẹnu ọ̀nà dé ògiri, ẹ̀rọ amúlétutù ń kùn, tẹlifóònù mẹ́ta lórí tábìlì kan ṣoṣo. Abẹ́rẹ́ mẹ́ta ló kù fún wa ní Ìsọlọ̀ o. A jókòó láti aago mẹ́jọ. Akáńtáǹtì tó ń yẹ bíìlì wò kọjá níwájú wa lẹ́ẹ̀mẹta, ó ṣe bí ẹni pé àga ni wá. Aago kan kọjá kí wọ́n tó ní ká wọlé.

Ọ̀gbẹ́ni Babáwálé ni wọ́n ń pe akáńtáǹtì yìí, ọmọ tí kò tíì pé ogójì ọdún, sòkòtò ẹlẹ́nu gbàgẹ̀rẹ̀, bàtà gíga bí àpótí. Ọmọ tí mo tó bí, “o” ló fi bẹ̀rẹ̀ ọ̀rọ̀ pẹ̀lú mi.

“Ìwọ ni nọ́ọ̀sì tó ń kọ ìwé ọ̀hún?”

“Èmi ni, ọ̀gá. Ẹ káàsán.”

Ó gba bíìlì lọ́wọ́ mi, ó ń ka orúkọ, ó ń rẹ́rìn-ín. “Ìdílẹ̀kẹ̀. Adúmáadán. Eyínfúnjowó. Ṣé ọmọ ènìyàn ló ń jẹ́ báyìí ní ìwé ìjọba? Ẹ̀yin tí ẹ ń jí owó yìí, ẹ ò tiẹ̀ lè fara balẹ̀ wá orúkọ gidi?”

Mo ní, “Ọ̀gá, ṣé Yorùbá ni yín ṣá? Ẹ ò mọ̀ pé ìyàwó kì í dárúkọ ọmọ ilé ọkọ?”

“Mo mọ̀. Ìwé ìjọba ni kò mọ̀.” Ó yíjú sí Wàsílátù. “Ìwọ, ọmọ ta nìyí?”

“Ọmọ ọkọ mi ni, sà. Ọmọ mi ni.”

“Ó dáa. Pe orúkọ rẹ̀ bó ṣe wà nínú ìwé, kí n gbọ́.”

Wàsílátù kúnlẹ̀ lórí rọ́ọ̀gì pupa yẹn. “Ẹ ṣàánú mi, sà. Wọ́n ti bí i kí n tó dé. Ìyá tó bí i ti ṣaláìsí. N kò lè fi ẹnu mi pè é.”

Babáwálé na ọwọ́ sí i bí ẹni tó ń fi ọjà hàn. “Ẹ ò rí i? Kò mọ orúkọ ọmọ tó ní òun bí.”

Ọmọ náà gan-an ló dáhùn. “Ìsíátù lorúkọ mi,” ó wí.

“Ọmọdé kì í jẹ́rìí níbí.”

Orí mi gbóná. Mo fi àtẹ́lẹwọ́ gbá tábìlì rẹ̀ débi pé tẹlifóònù kan dún gbì. Mo ní, “Nọ́ńbà wà níbẹ̀! Ẹ ṣí ìwé yín! Ṣé ojú ń dùn yín ni, àbí ìka yín ṣẹ́?”

“Rẹ́jísítà ìjọba kì í ṣe fún ojú rẹ.”

Ọmọbìnrin kan wà ní igun yàrá, Fàósátù ni wọ́n ń pè é, òun ló ń tẹ̀wé, òun náà ló ń tọ́jú rẹ́jísítà. Ó ti dáwọ́ ìwé títẹ̀ dúró tipẹ́. Ó ní, “Ọ̀gá, mo lè bá wọn wò ó. Kò ní pẹ́.” Kó tó gbọ́ bẹ́ẹ̀ ni tàbí bẹ́ẹ̀ kọ́, ó ti ṣí i. Mo mú bíìlì lórí tábìlì, mo ka orúkọ tó wà lókè pátápátá fún un.

“Akọ̀wé. Ọmọkùnrin, ọmọ ọdún mẹ́jọ. Ibà tó di gìrì. Ó sùn sọ́dọ̀ wa fún ọjọ́ mẹ́ta. Nọ́ńbà ọgọ́rùn-ún lé méje.”

Fàósátù fi ìka wá a. Ìka náà dúró.

“Kà á síta,” mo wí.

Ó wo ọ̀gá rẹ̀, ó tún wo ìwé. “Ọlálérè Babáwálé, akáńtáǹtì. Ìyàwó, Tinúadé. Ọmọ àkọ́kọ́, Abíọ́lá.”

Babáwálé gbé báírò rẹ̀ kalẹ̀.

Mo rántí obìnrin yẹn. Mo rántí rẹ̀ dáadáa! Obìnrin gíga, ẹlẹ́yinjú ẹgẹ́, tó bá ọmọ náà nílé ọkọ. Òru mẹ́ta ló fi jókòó sílẹ̀ẹ́lẹ̀ lẹ́gbẹ̀ẹ́ ibùsùn, kò jẹun, ó ń fi aṣọ tútù nu orí ọmọ náà, ó ń pè é pé, “Akọ̀wé mi, má sùn o. Akọ̀wé mi, dá mi lóhùn.” Mo bi í pé bàbá ọmọ dà, ó ní iṣẹ́ pọ̀ fún un ní ọ́fíìsì.

Mo sọ gbogbo rẹ̀ fún Babáwálé. Ó ní, “Wọ́n ní ibà lásán ni.”

“Ibà lásán! Ẹ̀ẹ̀mẹta ni gìrì gbé e lójú mi! Ẹ̀yin bàbá rẹ̀, ẹ ò bi í léèrè, ẹ ò wá wò ó, ìgbà tí orúkọ tí wọ́n fi ń pè é padà sáyé dé iwájú yín, ẹ fi báírò pupa kọ ọ́ pé kò sí ọmọ yìí. Ọwọ́ ta ló kọ ọ́, ọ̀gá? Ẹ bá mi wò ó. Ọwọ́ ta ni?”

“Ọlọ́run má jẹ̀ẹ́,” ó wí. Ó já bíìlì gbà lọ́wọ́ mi, ó ń fi báírò ha ohun tó kọ, ó ń ha á títí ìwé náà fi ya. Ó kọ ÓWÀ síbẹ̀, ó so ó pọ̀ bí ẹni tí wọ́n ń lé bọ̀, ó sì lu òǹtẹ̀ lé e. Ó dá bíìlì padà fún mi.

Mo wò ó. Akọ̀wé nìkan. Ọgbọ̀n ọmọ ṣì wà nísàlẹ̀ rẹ̀ tí wọ́n fagi lé.

“Àwọn ìyókù ńkọ́?”

Kò wo ojú mi. “Èyí ni mo mọ̀,” ó wí.

Mo ti dàgbà, mo ti gbọ́ ọ̀rọ̀ burúkú lẹ́nu ènìyàn, n kò tíì gbọ́ èyí tó bí mi nínú tó ìyẹn. Wọ́n ní ọmọ ẹni kì í ṣèdí bẹ̀bẹ̀rẹ̀ ká fi ìlẹ̀kẹ̀ sídìí ọmọ ẹlòmíì, ṣùgbọ́n ta ló ní kí wọ́n fi owó ìjọba ra ìlẹ̀kẹ̀ náà? Mo tún gbé ọwọ́ sókè láti gbá tábìlì rẹ̀.

Wàsílátù ló dìde. Ó ti wà lórí ìkúnlẹ̀ látìgbà náà. Ó gbé ọwọ́ lé orí ọmọ náà, ó bẹ̀rẹ̀ mọ́lẹ̀ sí i létí, ó ní, “Ìdílẹ̀kẹ̀, forí jì mí.” Ó wá gbójú sókè. Kò sí ẹni tí kò gbọ́ ọ láti yàrá yẹn dé orí àtẹ̀gùn.

“Ìsíátù. Ìsíátù Àṣàkẹ́, ọmọ Sàláúdéènì. Mo ti pè é. Ẹ kọ ọ́ sílẹ̀. Bí wọ́n bá bi mí nílé ọkọ mi pé ta ló fún mi lẹ́nu tí mo fi pè é, ẹ̀yin ni màá sọ pé ó mú mi pè é.”

“Yéè!” ni Fàósátù wí, ó gbá àyà mú.

Bàbá àgbàlagbà kan wà lẹ́nu ọ̀nà, Bàbá Rùfáì, mẹ́sẹ́ńjà wọn. Ó ṣí fìlà. Ẹni tó bá mọ ohun tí Wàsílátù ṣe yìí á ṣí fìlà. Ó wọlé wá, ó ní, “Nọ́ọ̀sì, ẹ jọ̀wọ́, ṣé Ọ̀pẹ́lẹ́ńgẹ́ wà nínú ìwé yẹn?”

Ó wà níbẹ̀, ìlà kẹsàn-án.

“Ọmọ mi ni,” bàbá náà wí. “Ìyàwó mi kékeré ló ń pè é bẹ́ẹ̀. Ta ló ní kò sí?”

Ọ̀rọ̀ bá di ti gbogbo ilé. Ọkùnrin kan yọjú láti yàrá kejì, ó ní Eyínfúnjowó ńkọ́. Òmíràn ní òun kò tiẹ̀ mọ ohun tí ìyàwó òun ń pe ọmọ òun, kí wọ́n bá òun fi nọ́ńbà wá a. Ẹ dákun, ọmọ ta ni ẹ rò pé ó wà nínú ìwé náà látọjọ́ yìí, bí kò bá ṣe ọmọ àwọn òṣìṣẹ́ Bọ́ọ̀dù? Ọmọ àwọn tó ń gbé fáìlì náà kiri láti tábìlì dé tábìlì! Fàósátù tẹ ìwé tuntun, orúkọ tí ìyàwó ń pè lápá kan, orúkọ inú rẹ́jísítà lápá kejì. Aago mẹ́rin kò tíì lù tí ọmọ mọ́kànlélọ́gbọ̀n fi pé, kò dín ẹyọ kan. Babáwálé fọwọ́ sí wọn lọ́kọ̀ọ̀kan, èmi sì dúró tì í lórí. Kò pè mí ní “o” mọ́.

Ní ọjọ́ Ẹtì, Bàbá Rùfáì fúnra rẹ̀ ló mú ṣẹ́ẹ̀kì wá sí Ìsọlọ̀. Dókítà kà á, ó tún un kà, ó ní, “Àìná, o ṣeun,” ó sì jáde lọ wọ bọ́ọ̀sì lọ ra oògùn. Àwọn ènìyàn ní ó yẹ kí inú mi dùn. Inú mi kò dùn o! Ohun tó gbà wọ́n ní wákàtí mẹ́ta péré, oṣù mẹ́jọ ni wọ́n fi jókòó lé e lórí. Ta ló máa dá mọ́tò Dókítà padà? Ta ló máa dá ohun tí wọ́n gbà lẹ́nu Wàsílátù padà?

Torí ẹ ò tíì gbọ́ ohun tó ṣẹlẹ̀ lẹ́yìn tí a sọ̀ kalẹ̀ ní pẹ̀tẹ́ẹ̀sì lọ́jọ́rú yẹn. Láàárín èrò Bọ́ládé, tí àwọn tó ń kiri ọjà ń kọlù wá, Wàsílátù tú eteetí ìró rẹ̀, ó mú owó tó wà níbẹ̀, owó ọkọ̀ tó yẹ kó gbé wa délé, ó fi ra búrẹ́dì. Ó kúnlẹ̀ fún ọmọ ọdún mẹ́fà ní ẹ̀bá títì, ó ní ìtanràn rẹ̀ nìyẹn, kó gbà á. Ọmọ náà gbà á, ó ń wò ó.

“Ìyá mi, ṣé orúkọ mi kò dáa ni?”

“Ó dáa,” ó wí. “Ó dáa gan-an. Ẹni tó bí ọ ló sọ ọ́. Èmi, tèmi ni mo fi ń pè ọ́.”

A fẹsẹ̀ rìn dé Ìsọlọ̀. Mo gbé ọmọ náà pọ̀n níbi tó ti rẹ̀ ẹ́.

Lọ́jọ́ kejì tí ṣẹ́ẹ̀kì dé, láàárọ̀ Sátidé, mo gbọ́ ẹsẹ̀ tó ń sáré lójú ọ̀nà. Mo mọ ẹsẹ̀ náà. Àyà ọmọ ń fọn, ètè ti dúdú. Abẹ́rẹ́ wà nílẹ̀, páálí kan gbáko. Dókítà fún un díẹ̀díẹ̀, gbogbo wa sì ń wo àyà rẹ̀. Nígbà tó yá, ó la ojú.

“Àǹtí Nọ́ọ̀sì, ṣé búrẹ́dì wà?”

Mo lọ síbi tábìlì mi, mo ṣí ìwé. Wàsílátù dúró níwájú mi, ó ń retí kí n bi òun léèrè orúkọ. N kò bi í. Mo mú báírò dúdú, mo kọ ọ́ fúnra mi: Ìsíátù, tí ìyá rẹ̀ ń pè ní Ìdílẹ̀kẹ̀. Mo kọ nọ́ńbà síwájú rẹ̀. Lẹ́yìn nọ́ńbà, níbi tí kò sẹ́ni tó ní kí n kọ nǹkan kan sí, mo kọ ọ́ pé: ó wà.